Ibùdókọ̀ Ìkẹyìn

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Ẹni tí kò nílé ńkọ́,
kí la ó wò?

Ní Winnipeg, láago méjì òru,
Marguerite Desjarlais a máa tan iná inú bọ́ọ̀sì gbàà,
a ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ó parí síbí."
Òfin ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.
Àwọn mẹ́ta kan máa ń wà lẹ́yìn tí wọn kì í lọ síbì kankan,
owó ọkọ̀ tí wọ́n san, owó ooru ni.
Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kìn-ín-ní,
nígbà tí òtútù ń sọ itọ́ di òkúta kó tó balẹ̀,
Orest Palamar gbójú sókè, ó bi í,
kò sì fi ìbínú bi í:
"Màdáámù, kí n sọ̀ kalẹ̀ síbo?"

Kò rí èsì.
Ó pa iná náà padà. Ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa kùn
títí ilẹ̀ fi mọ́ sórí odò tó dì gbagidi.
Wọ́n kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí i. Wọ́n kọ èkejì.
Lẹ́tà kẹta ló ní kó máa lọ sílé.
Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó kà á:
òun ṣáà ní ilé tí òun ó lọ.

Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀,
nínú ilé ìkẹ́rùsí kan tó ń jò lẹ́yìn ojú irin:
tìmùtìmù àlòkù tí ìlú ń dà nù,
dọ́là mẹ́rìnlá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan,
wọ́n á tú u bí ẹni ń tú inú ẹja.
Wáyà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yọ́ irin,
fóòmù lọ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ọlọ́lá,
pákó di ohun ìdáná.
Ta ló sì ń tú u?
Àwọn tí kò rí tìmùtìmù fẹ̀yìn lé
fún ọdún mẹ́fà, ọdún mẹ́sàn-án.

Orest mọ ọ̀bẹ lò. Ó mọ ojú rírán tí yóò kọ́kọ́ já.
Ohun tó ń bá níbẹ̀ kò kéré:
kọ́bọ̀ ìlú òkèèrè, ehín ọmọdé kan,
lẹ́tà ìfẹ́ tí ẹnìkan kò láyà láti fi ránṣẹ́.
Ó kó ehín náà sínú agolo.
Ó ní ẹni tó ni ín lè wá.

Wanda Flett wà nídìí ìwé ìṣirò:
"Báńkì ní a kì í ṣe oníṣòwò.
Ìjọba ní a kì í ṣe aláàánú.
A ò ṣeku, a ò ṣẹyẹ.
Àdán ni wá, Marguerite, jẹ́ ká máa fò lóru."

Onílé kan béèrè oníduró, Marguerite tọwọ́ bọ̀wé.
Onílé kejì béèrè, ó tún tọwọ́ bọ̀wé.
Nígbà tó di ìkọkànlá, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló já sí ayọ̀.
Tansy bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó fi kọ́ ìṣó,
kò padà.
Ìbọ̀wọ́ náà ṣì wà níbẹ̀.
Ẹnikẹ́ni kì í lò ó, bí òtútù tilẹ̀ mú.

Lyle gba kọ́kọ́rọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko
ló fi sùn sẹ́yìn ilẹ̀kùn tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀,
nítorí ènìyàn ló máa ń tètè wọlé,
ilé kì í tètè wọnú ènìyàn.

Ilé làbọ̀ sinmi oko, a gbọ́.
Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ egungun ẹni ní ìsinmi
lẹ́yìn tí òpópónà ti kọ́ ọ ní ìṣọ́?

Orest gba yàrá tirẹ̀ nígbà tí yìnyín ń yọ́.
Ó mọ inú tìmùtìmù ju bí dókítà ti mọ inú ara lọ,
bóyá ìyẹn ni kò jẹ́ kó lè dùbúlẹ̀ lé e:
ó ń gbọ́ wáyà, ó ń kà wọ́n.

Títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Aago mẹ́jọ lù, kò dé.
Mẹ́sàn-án, kò dé. Wanda dìde, ó jókòó.
Marguerite ti mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́
kó tó wọlé, irun rẹ̀ rí wúruwùru,
àpá ìrọ̀rí lẹ́rẹ̀kẹ́ bí ilà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ.
Kò sẹ́ni tó bú u.
Marguerite ṣí ìwé wákàtí, ó wá orúkọ rẹ̀,
níbi tí wọ́n ń kọ ìdí tí òṣìṣẹ́ fi pẹ́ sí
ó kọ ọ́ gàdàgbà:
Ó sùn.